Aṣojú Tí Kò Ní Ẹgbẹ́ Òṣèlú: Ìtàn Arábìnrin Cathy McGowan àti Àwọn Ènìyàn Ẹkùn Indi

 Nínú gbogbo ìpàdé tí àwa ọmọ ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ń ṣe, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í ṣàìjẹyọ: ọ̀rọ̀ ẹni tí ń ṣojú wa níbi tí a gbé ń ṣe òfin. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, a ó bi ara wa léèrè pé níbo ni aṣojú wa wà. Bí omi kò bá yọ láti inú ẹ̀rọ, ìbéèrè kan náà ni a ó tún béèrè. Ìdáhùn tí a sì sábà máa ń gbọ́ ni pé aṣojú náà kò lè ṣe ju ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fi àṣẹ sí lọ. Nítorí èyí ni mo ṣe rò pé ó yẹ kí n kọ ìtàn kan sínú ìwé ọdọọdún wa yìí. Ìtàn obìnrin kan ni, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ẹni tí àwọn ará oko àti àwọn ará ìlú kéékèèké rán lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ náà jìnnà sí wa, àṣà wọn kò sì jọ tiwa, ṣùgbọ́n ohun tí ń dùn wọ́n kò yàtọ̀ sí èyí tí ń dùn wá.

Ẹkùn Tí Ó Ti Di Ogún

Ẹkùn ìdìbò tí à ń pè ní Indi wà ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Victoria. Orúkọ odò ni ó ń jẹ́, nítorí pé Indi ni a ń pe apá òkè odò Murray, odò ńlá tí ó pààlà sí àárín Victoria àti New South Wales. Láti 1901, nígbà tí àwọn ilẹ̀ Ọsirélíà para pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan, ni Indi ti ń rán aṣojú lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀. Òkè ńláńlá ni apá kan ilẹ̀ rẹ̀, oko àti pápá ẹran ni apá kejì. Wodonga ni ìlú tí ó tóbi jù níbẹ̀, Wangaratta ni ó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni Benalla, Beechworth, Bright, Myrtleford àti ọ̀pọ̀ abúlé tí ó fọ́n káàkiri àárín òkè. Ojú irin tí ó ti Melbourne lọ sí Sydney la ẹkùn náà kọjá.

Láti 1931 títí di 2013, Indi kò bọ́ lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ kan náà rí. Bí kì í bá ṣe ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, tí à ń pè ní Country Party, ni ó mú un, a jẹ́ pé ẹgbẹ́ Liberal tàbí ẹgbẹ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ ni. John McEwen, ẹni tí ó di Olórí Ìjọba Ọsirélíà fún ìgbà kúkúrú ní ìparí 1967 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1968, ti ṣojú Indi láti 1937 sí 1949. Kí ẹ lè mọ bí ẹkùn náà ti di ohun ìní tó, ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1928. Aṣojú Indi nígbà náà, Robert Cook ti ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, kò fi ìwé ìdíje rẹ̀ sílẹ̀ kí àkókò tó kọjá. Báyìí ni ọmọ ẹgbẹ́ Labor, Paul Jones, ṣe gba ipò náà láìsí ẹni tí ó bá a du ú. Ní 1931, wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di ọdún 82 kí ẹlòmíràn tó tún rí i gbà.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé nínú ọ̀rọ̀ yìí ni gbòǹgbò ìtàn wa wà. Bí ẹgbẹ́ kan bá mọ̀ dájú pé ẹkùn kan kò lè bọ́ lọ́wọ́ òun, kò ní í tètè náwó síbẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì tí ó sì mọ̀ dájú pé òun kò lè gbà á, òun náà kò ní í náwó síbẹ̀. Ibi tí ìjà bá gbé le ni owó ọ̀nà, owó ilé ìwòsàn àti owó ilé ẹ̀kọ́ ń lọ. Ẹkùn tí ó dúró ti ẹgbẹ́ kan fún ọgọ́rin ọdún dà bí ìyàwó ilé tí ọkọ kò náání mọ́, nítorí pé ó mọ̀ pé kò ní í lọ sí ibì kankan. Ní Indi, ọkọ̀ ojú irin kì í dé lákòókò. Ní ọ̀pọ̀ àfonífojì, tẹlifóònù alágbèéká kì í gbé ohùn rárá, ó sì jẹ́ ilẹ̀ tí iná máa ń jó igbó, tí ẹ̀mí ènìyàn sì lè so mọ́ ìpè kan ṣoṣo.

Ta Ni Obìnrin Yìí?

A bí Cathy McGowan ní 1953, sínú ìdílé tí ọmọ rẹ̀ tó mẹ́tàlá. Ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ó sì di àgbẹ̀, ó ní oko ní àfonífojì Indigo, ó sì ń gba àwọn àgbẹ̀ mìíràn nímọ̀ràn. Iṣẹ́ tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ni pé kí àwọn obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ oko lè ní ohùn níbi tí a gbé ń pinnu ọ̀rọ̀ oko. Ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àgbẹ̀ ilẹ̀ Ọsirélíà, ní 2004 ìjọba sì fi oyè dá a lọ́lá. Òṣèlú pàápàá kò ṣàjèjì sí i, nítorí pé ó ti bá Ewen Cameron, aṣojú Indi láti inú ẹgbẹ́ Liberal, ṣiṣẹ́ rí. Nítorí náà, ẹni tí ó ti rí inú ilé ni ó wá dúró sí ìta.

Síbẹ̀, kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ dìde. Àwọn ọmọdé ni. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n ti kúrò ní Indi lọ ṣiṣẹ́ ní Melbourne, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè pé kí ni ó dé tí ilé kò fi lójú, kí ni ó sì dé tí ẹnikẹ́ni kò fi ṣe nǹkan kan sí i. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní òkè òkun, ẹ ó dá ìbéèrè yìí mọ̀. Irú rẹ̀ ni ó bí ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú ní ìlú púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó bá rìn jìnnà ni ó ń rí ohun tí ilé kò ní. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ní 2012, àwọn ènìyàn díẹ̀ pé jọ ní Wangaratta. Wọn kò tíì mú ẹnikẹ́ni gẹ́gẹ́ bí olùdíje. Ẹgbẹ́ kan ni wọ́n dá sílẹ̀, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ sì ni Voice for Indi, èyí tí í ṣe Ohùn Indi. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n ní kí àwọn ènìyàn pe àwọn aládùúgbò wọn sí ilé ara wọn, kí wọ́n jókòó yí tábìlì oúnjẹ ká, kí wọ́n mu tíì, kí wọ́n sì sọ ohun tí ó wà lọ́kàn wọn. Ìbéèrè tí a gbé kalẹ̀ kò ṣòro: Kí ni ó dára ní àdúgbò yín? Kí ni ó ń yọ yín lẹ́nu? Irú aṣojú wo ni ẹ fẹ́? Ẹnì kan á máa kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ jà tàbí kí ó fi ohùn bo ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Ìpàdé irú èyí ju àádọ́ta lọ, àwọn tí ó sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ju 400 lọ. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ, wọ́n sọ ọ́ di ìwé, wọ́n sì fi ìwé náà han aṣojú tí ó wà lórí ipò nígbà náà, Arábìnrin Sophie Mirabella ti ẹgbẹ́ Liberal.

Ohun tí àwọn ènìyàn sọ kò ju pé wọ́n fẹ́ aṣojú tí yóò máa wá sí àárín wọn, tí yóò máa gbọ́ tiwọn, tí yóò sì máa sọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nígbà tí wọn kò rí ìdáhùn tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n pinnu láti wá olùdíje tiwọn. McGowan ni wọ́n rí. Ẹ kíyè sí bí nǹkan ti ṣe tẹ̀ lé ara wọn: ìpàdé ni ó ṣáájú, ìwé ohun tí ìlú fẹ́ ni ó tẹ̀ lé e, olùdíje ni ó gbẹ̀yìn. Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀yìn ni a sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀: olùdíje yóò ti kọ́kọ́ dé pẹ̀lú ìlù àti àwòrán, lẹ́yìn náà ni a ó máa rò ó bóyá a ní nǹkan tí a fẹ́ rán an.

Ìbò 439

Ìdìbò náà wáyé ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án, 2013. Ó yẹ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ti ń dìbò ní Ọsirélíà, nítorí pé láìmọ èyí, ẹni tí ó bá ka ìtàn yìí lè rò pé èrú wà nínú rẹ̀. Òfin mú un ní dandan pé kí gbogbo àgbà dìbò. Ẹni tí ó dìbò kò kan ní í tẹ̀ka fún ẹnì kan. Yóò kọ 1 sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹni tí ó fẹ́ jù, 2 sí ẹni tí ó tẹ̀ lé e, títí orúkọ yóò fi tán. Bí ẹnikẹ́ni kò bá gba ju ìdajì lọ nígbà àkọ́kà, a ó yọ ẹni tí ó kéré jù kúrò, a ó sì pín ìbò rẹ̀ fún àwọn tí ó kù gẹ́gẹ́ bí nọ́mbà 2 ti wí, bẹ́ẹ̀ ni a ó máa ṣe títí ẹni méjì yóò fi kù.

Nínú ìdìbò tí ó ṣáájú, ní 2010, Mirabella ti gba nǹkan bíi 59 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ó kù òun àti ọmọ ẹgbẹ́ Labor. Gbogbo ènìyàn ni ó ti gbà pé ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gba ìjọba ní 2013, àti pé òun fúnra rẹ̀ yóò di mínísítà. Ìdajì àsọtẹ́lẹ̀ náà ṣẹ: ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìjọba pẹ̀lú àga 90 nínú 150. Ṣùgbọ́n ní Indi, nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà àkọ́kà, Mirabella gba nǹkan bíi 45 nínú ọgọ́rùn-ún, McGowan sì gba nǹkan bíi 31. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Labor àti àwọn mìíràn ti fi McGowan ṣe ẹnìkejì, ìbò wọn sì ń ṣàn sọ́dọ̀ rẹ̀. Kíkà náà gba ọ̀pọ̀ ọjọ́, ọkàn kò sì balẹ̀ ní ìhà méjèèjì. Nígbà tí ó parí, nínú ìbò tí ó ju 80,000 lọ, McGowan fi 439 borí. Ní ọdún tí gbogbo afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ẹ̀yìn àwọn Liberal, Indi ni wọ́n gbé pàdánù.

439! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé nọ́mbà yìí. Àwọn tí ó ń yọ̀ǹda ara wọn ní Indi ju iye yẹn lọ. Àwọn kan ń gbé pátákó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn kan ń se oúnjẹ, àwọn ọ̀dọ́ láti Melbourne ń wá ní òpin ọ̀sẹ̀, aṣọ àwọ̀ ọsàn ni gbogbo wọn ń wọ̀. Bí olúkúlùkù wọn bá gba ẹnì kan ṣoṣo níyànjú tí onítọ̀hún sì gbà, iṣẹ́ ti parí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wí nínú wa pé ohùn òun nìkan kò jẹ́ nǹkan, kí ó wo Indi.

Ohun Tí Ẹnì Kan Lè Ṣe àti Èyí Tí Kò Lè Ṣe

Nígbà tí ayọ̀ lọ sílẹ̀, òótọ́ ọ̀rọ̀ wá jókòó. Ìjọba ní àga 90. Kí ni ó fẹ́ fi ìbò obìnrin kan ṣe? Kò ní mínísítà tí ó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì ní olórí tí yóò ké sí lóru. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ wí pé Indi ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, pé igi kan kì í dá igbó ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba ní oṣù Kẹrin, 2016, nígbà tí ìdìbò mìíràn ń bọ̀ tí Mirabella sì tún jáde. Nínú àríyànjiyàn orí tẹlifíṣọ̀n, ó wí pé ẹgbẹ́ òun ti ní í lọ́kàn láti fi mílíọ̀nù 10 dọ́là ran ilé ìwòsàn Wangaratta lọ́wọ́ bí òun bá wọlé ní 2013, ṣùgbọ́n pé nígbà tí òun kò wọlé, owó náà kò wá mọ́. Ó ṣeé ṣe kí ó ti rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò kọ́ àwọn ènìyàn lọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ó ti dé etí aláìsàn àti etí ẹni tí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn náà, ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé a ti fi ìwòsàn wọn jẹ wọ́n níyà nítorí ìbò tí wọ́n dì. Ní oṣù Keje ọdún náà, McGowan tún wọlé, nǹkan bíi 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó sì gbà lẹ́yìn pípín ìbò. 439 ti di ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ̀rún.

Síbẹ̀, òótọ́ ni a gbọ́dọ̀ sọ. Ìbẹ̀rù àwọn tí kò dìbò fún un kì í ṣe ìbẹ̀rù asán. Aṣojú aládàádúró kò lè fi àṣẹ mú owó jáde. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó máa lọ, kí ó máa bọ̀, kí ó máa kan ilẹ̀kùn mínísítà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì mú ìwé tí ó péye lọ́wọ́. Èyí ni McGowan ṣe. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò láti gbé òpó tẹlifóònù sí àwọn ibi tí kò ní ohùn, àwọn ènìyàn Indi ti jókòó, wọ́n ti kọ orúkọ ibi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí àwọn mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó, nítorí náà ìpín wọn kò kéré nínú èyí tí a kọ́kọ́ pín ní 2015. Ọ̀rọ̀ ojú irin náà kò sinmi lẹ́nu rẹ̀, títí ìjọba fi gbà láti ná ọ̀kẹ́ àìmọye owó dọ́là láti tún ojú irin àríwá ìlà-oòrùn Victoria ṣe. Kò sọ pé òun nìkan ni ó ṣe é, àwa náà kò sì ní í sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹkùn tí a kì í dárúkọ tẹ́lẹ̀ ti di èyí tí ẹgbẹ́ mẹ́ta ń wá ojú rere rẹ̀.

Ohun mìíràn tí ó ṣe ni pé kò jẹ́ kí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Canberra di ilé àjòjì. Ó ṣètò pé kí àwọn ará Indi máa wá yọ̀ǹda ara wọn níbẹ̀, àgbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí bí a ti ń ṣe òfin. Ẹni tí ó bá padà sílé yóò ròyìn fún àwọn ará ilé. Báyìí ni ìmọ̀ tí í máa wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣe di ti ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Nígbà Tí Ìwọ̀n Dọ́gba

Ìdìbò 2016 ti dín agbára ìjọba kù. Àga 76 péré nínú 150 ni ó ní, ohùn àwọn aládàádúró sì bẹ̀rẹ̀ sí í níye lórí. McGowan kò lo àyè yìí láti fi ìjọba ṣeré. Ó jẹ́ kí Olórí Ìjọba mọ̀ pé òun kò ní í dí owó ìná ìjọba lọ́wọ́, òun kò sì ní í bá ẹnikẹ́ni dojú ìjọba dé láìnídìí. Ṣùgbọ́n ní ti òfin kọ̀ọ̀kan, òun yóò wò ó kí òun tó dìbò.

Ní ìparí 2018, ìjọba kò ní iye tí ó ju ìdajì lọ mọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà ni McGowan gbé àbá òfin kalẹ̀ pé kí a dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣèwádìí ìwà ìbàjẹ́ láàárín àwọn aṣòfin àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Àbá náà kò di òfin nígbà tirẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì, 2019, ó wà lára àwọn 75 tí ó borí 74 nígbà tí Ilé fọwọ́ sí i pé kí a lè gbé àwọn aláìsàn tí ń wá ibi ìsádi, tí wọ́n há mọ́ Nauru àti erékùṣù Manus, wá sí Ọsirélíà fún ìtọ́jú. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba tí a tún yàn ti fagi lé òfin náà. Ẹ rí i pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ó dáwọ́ lé ni ó dúró. Ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ lè borí lónìí, kí àwọn tí ó ní ẹgbẹ́ sì tú u ká lọ́la.

Ìdánwò Tí Ó Tóbi Jù

Ní oṣù Kìíní, 2019, McGowan kéde pé òun kò ní í díje mọ́. Ní èrò tèmi, níbí ni ìdánwò rẹ̀ tí ó tóbi jù wà, ó ju ti 439 lọ. Nítorí pé ìtàn àwọn aṣojú aládàádúró ní Ọsirélíà sábà máa ń parí sí ibì kan náà. Bí ẹni náà bá ti lọ, àga á padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tí ó ni ín tẹ́lẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan tí ó lókìkí ni ti Tony Windsor, àgbẹ̀ kan tí ó ṣojú ẹkùn New England ní New South Wales láti 2001 sí 2013 láìsí ẹgbẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Akọni ni, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ní 2010, nígbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì kò lè dá ìjọba ṣe, òun àti Rob Oakeshott ni wọ́n fi ìbò wọn ti Arábìnrin Julia Gillard lẹ́yìn tí ó fi lè máa ṣe Olórí Ìjọba lọ. Ó gba ohun púpọ̀ fún àwọn ìlú kéékèèké nítorí èyí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ kò fẹ́ràn ẹgbẹ́ Labor, inú wọn kò sì dùn. Ní 2013 ó fẹ̀yìn tì, ẹkùn rẹ̀ sì padà sọ́wọ́ ẹgbẹ́ National lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ó tún jáde ní 2016, kò rí i gbà padà. Orúkọ rere ni ó wà lẹ́yìn Windsor. Kò sí ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú tí yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ní Indi, tábìlì oúnjẹ ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn tún pé jọ, wọ́n tún jíròrò, wọ́n sì pe àwọn tí ó bá fẹ́ jáde wá kí a lè yẹ̀ wọ́n wò. Helen Haines ni wọ́n mú, obìnrin kan tí ó ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí, tí ó sì ń ṣe ìwádìí nínú ọ̀ràn ìlera. Ní oṣù Karùn-ún, 2019, ó wọlé. Nínú ìdìbò àpapọ̀ ilẹ̀ Ọsirélíà, a kò tíì rí i rí kí aṣojú aládàádúró kan gba ipò lọ́wọ́ aládàádúró mìíràn ní ẹkùn kan náà. Haines tún wọlé ní 2022, ó sì tún wọlé ní 2025. Òun ni ó tẹra mọ́ ọ̀rọ̀ àjọ tí McGowan gbé kalẹ̀. Ní ìparí 2022 ó di òfin lọ́wọ́ ìjọba mìíràn, àjọ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Keje, 2023. Ní 2022 kan náà, àwọn obìnrin mìíràn tí kò ní ẹgbẹ́ gba ẹkùn ní àwọn ìlú ńlá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó tì wọ́n lẹ́yìn sì ti kọ́ ọgbọ́n ní Indi.

Kí Ni Èyí Jẹ́ sí Wa?

Àwa náà ti ní irú ìtàn yìí rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwa kò parí bẹ́ẹ̀. Nígbà ìdìbò 1951 ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, àwọn ọmọ Ìbàdàn dá ẹgbẹ́ ti ìlú wọn sílẹ̀, Ibadan People's Party, wọ́n sì rán ènìyàn mẹ́fà lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì ń du iye, márùn-ún nínú wọn lọ sọ́dọ̀ Action Group, Adégòkè Adélabú nìkan ni ó lọ sọ́dọ̀ NCNC. Mi ò kọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Olúkúlùkù wọn ni ó ní ìdí tirẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì sin ìlú lẹ́yìn náà. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé ẹgbẹ́ tí ìlú dá sílẹ̀ kò pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá fi gbé e mì.

Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 sì wí ní apá 65 rẹ̀ pé ẹni tí yóò díje sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, kí ẹgbẹ́ náà sì fà á kalẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè ṣe bí McGowan ní ilẹ̀ wa lábẹ́ òfin yìí. Ẹgbẹ́ ìtẹ̀síwájú wa pàápàá kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, kò sì gbọdọ̀ di ọ̀kan. Inú rẹ̀ ni ọmọ ẹgbẹ́ gbogbo gbé ń jókòó pọ̀.

Ṣùgbọ́n òfin kò sọ pé kí a má ṣe jókòó yí tábìlì ká. Kò sọ pé kí a má kọ ohun tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ sílẹ̀, láti Ìsàlẹ̀ títí dé Òkè, kí a pe àwọn obìnrin ọjà àti àwọn ọ̀dọ́ sí i, kí a sì sọ ọ́ di ìwé kan ṣoṣo. Kò sọ pé kí a má gbé ìwé náà ka iwájú gbogbo olùdíje, ẹgbẹ́ yòówù kí ó ti wá, kí a sì tún ṣí i wò lójú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Agbára tí ó gbé McGowan wọlé kò sí lára rẹ̀. Ọwọ́ àwọn tí ó rán an ni ó wà, ìdí nìyí tí ó fi lè lọ tí agbára náà kò bá a lọ. Aṣojú tí a kò bá rán ní iṣẹ́ kan pàtó, iṣẹ́ ẹni tí ó bá rí ni yóò máa jẹ́.

Mo dá a lábàá, nítorí náà, pé kí ìgbìmọ̀ wa fi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún tí ń bọ̀ sílẹ̀ fún irú ìpàdé yìí, ní agboolé kọ̀ọ̀kan nílé, àti ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn odi. Kí a má ṣe pe ìlù sí i, kí a má sì jẹ́ kí olóṣèlú kankan san owó oúnjẹ rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi í sọ àyà. Kí Ọlọ́run kí ó jẹ́ kí ìlú wa tòrò, kí ó sì jẹ́ kí àwa tí à ń sọ̀rọ̀ ìlú lè jókòó gbọ́ ara wa.